Sí Mojísọ́lá, Lórí Owó Ilé Ìwé Nọ́ọ̀sì àti Ẹni Tí Yóò Dúró Bíi Bàbá Rẹ

Ìgàndó,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Mo ti bi ọ́. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ kejì, èyí tí o sọ pé ó fún ọ láyà, ti wà lórí máṣíìnì òun, òun yóò tú ojú rírán rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Èmi náà wà, àfi pé oorun kò kùn mí mọ́. Láti àárọ̀ àná tí o ti gbé báàgì rẹ jáde nílé láìdúró de àdúrà, mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, o kò gbé e. Mo mọ̀ pé ò ń rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bírò àti ìwé, bí a ti máa ń ṣe nígbà èwe mi. Bísí, ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì Ẹ̀gbẹ́dá tí ẹ jọ wà ní kíláàsì, ń padà sí ilé ìwé láàárọ̀ ọ̀la, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé.

Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí o má baà rò pé ìbínú ni mo fi ń kọ̀wé. Ìyá rẹ ṣì rò pé ìbínú ló mú mi dìde wọ yàrá lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kì í ṣe ìbínú rárá. Ẹ̀rù ni, n kò sì fẹ́ kí ẹ rí i.

O rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Mo jókòó sí fàráńdà, o fa ìwé kan yọ nínú báàgì, o fi bírò lé mi lọ́wọ́.

"Dádì, ẹ kàn bá mi sáìnì síbí. Ìwé ìbúra kóòtù ni, fún bọ́sárì àwa ọmọ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni ìjọba ń fún. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù náà pa."

Mo gbé awò sójú, mo kà á. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dáadáa pé èmi bàbá rẹ jẹ́ ọmọ bíbí ìlú kan nítòsí ibí, pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá bàbá mi sí. Orúkọ agboolé kan tí n kò gbọ́ rí láyé mi wà níbẹ̀.

"Mojí, èyí kì í ṣe òótọ́."

"Ah, Dádì! Ibí ni wọ́n bí mi sí jàre. Ìgàndó ni mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ mú mi dé Èkìtì yín, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn. Ta ló mọ̀ mí níbẹ̀?"

Mo dá ìwé náà padà fún ọ. O wá ká ìwé náà, o sọ gbólóhùn kan tí kò tíì kúrò létí mi títí di bí mo ti ń kọ èyí: "Bí ẹ ò bá sáìnì, kò burú. Bùọ̀dá Rẹ̀mí ní bàbá kan wà ní Dópèmú tó máa ń dúró bíi bàbá fáwọn èèyàn. Ó lè dúró fún mi. Ẹ ò ní láti ṣe nǹkan kan ṣá."

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí, ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n nínú ilé yìí, òun náà kò sì gbọ́ ọ tán. Mo ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè mú ọ lọ sí ìlú wa bó ṣe yẹ. Ẹ̀bi mi ni pé o kò mọ ibẹ̀. Èmi ni n kò kọ́ ọ.

Ọdún kejì mi ni mo wà ní ilé ìwé àwọn olùkọ́, ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tiwa. Owó ilé ìwé wọ̀ mí lọ́rùn. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀, kòkó tó gbìn ti ń darúgbó, ẹnu mi ò sì gbà á láti máa tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní bọ́sárì, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù mú bàbá rẹ̀ wá síwájú wọn. Káfíńtà kan wà tó máa ń tún àga àti tábìlì wa ṣe, Bàbá Làmídì là ń pè é. Ọmọ ìlú náà ni. Ó ti dúró bíi bàbá fún ẹni méjì ṣáájú mi. Ó ní kí n má fòyà, pé bí ọwọ́ mi bá ti tẹ owó, kí n rántí òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá sínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá mẹ́ta jókòó lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ta ni bàbá rẹ?"

"Àwọn nìyí, sà," ni mo wí, mo nawọ́ sí Bàbá Làmídì. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Wọ́n bi í ní orúkọ agboolé, ó dáhùn wàràwàrà. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan pè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn: "Àkànjí!"

Bàbá mi ni. Bàbá tó bí mi lọ́mọ. Ó gbé àpò iṣu lérí, eruku ọ̀nà ti pọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n ti tà á lólobó nílé pé owó ilé ìwé ń yọ mí lẹ́nu, ó sì ta kẹ̀kẹ́ ológeere tó fi ń lọ oko, ó wọkọ̀ láti Èkìtì pé òun yóò fi owó náà lé mi lọ́wọ́ fúnra òun. Dáúdà, awakọ̀ tó gbé e wá, ọmọ ìlú wa, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rí mi.

Ọ̀gá náà wojú rẹ̀, ó wo èmi. Ó ní, "Ṣé o mọ bàbá yìí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Àbẹ̀kẹ́, mo sọ ọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Bàbá mi wò mí, ó wo ọwọ́ Bàbá Làmídì tó wà léjìká mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé e kíákíá ju bó ti yé èmi lọ. Ó ṣí fìlà, ó tẹríba fún àwọn ọ̀gá náà, ó ní, "Ẹ má bínú. Mo ṣi ilẹ̀kùn ni." Ó sì yí padà, ó ń lọ.

Nígbà tí mo fi máa ráyè jáde, wọ́n ti lọ. Ó fi àpò iṣu sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ géètì, ó di owó náà sínú aṣọ pélébé kan, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ iṣu. Bọ́sárì náà jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e. Owó méjèèjì ló wá wà lọ́wọ́ mi. N kò lè jẹ nínú iṣu náà, àwọn tí a jọ wà ní yàrá ló jẹ ẹ́ tán.

O lè rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò parí o. Gbogbo sáà ni Bàbá Làmídì ń wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa, tí yóò máa pariwo pé, "Ọmọ mi, bàbá rẹ wá kí ọ o!" títí n óò fi fún un ní nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ mi lẹ́yìn, àyà mi á já. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a jáde, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún orúkọ gbogbo wa yẹ̀ wò, kí oníkálukú mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Mo sá kúrò nílé ìwé kí wọ́n tó pè mí. Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì kí n tó dá owó ìjọba padà, kí n tó lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n padà wá ṣe ìdánwò.

Bàbá mi kò fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà rí. Nígbà tí mo délé, ó kí mi, ó pa adìyẹ fún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Àkànjí mọ́. "Tíṣà" ló ń pè mí, bí gbogbo ará àdúgbò. Tíṣà ló pè mí títí ó fi kú. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé mo máa dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ojoojúmọ́ ni ojú ń tì mí, ó sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Nítorí náà, bí o bá rí i pé bàbá rẹ ń gbọ̀n nítorí ìwé kan ṣoṣo, ohun tó ń sá fún nìyẹn. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí, mo sì máa gbìyànjú láti tò ó, bí mo ti ń to ẹ̀kọ́ sójú pátákó.

Àkọ́kọ́. Má gbà kí ẹnikẹ́ni dúró bíi bàbá rẹ. Ká fi ọ̀rọ̀ ìtìjú sílẹ̀, ká wo ewu rẹ̀ gan-an. Nígbà tí o wọ ilé ìwé yìí, ọmọ Èkìtì ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ rẹ ṣe lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí o bá wá lọ búra ní kóòtù pé ibòmíràn ni o ti wá, ìwé méjì ló ń rìn kiri lórí ẹnìkan. Ọjọ́ kan ni wọn yóò pàdé. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí o bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Bàbá Dópèmú náà kò sì ní gbàgbé rẹ. Nígbà tí o bá di nọ́ọ̀sì àgbà, yóò mọ wọ́ọ̀dù tí o wà, yóò sì wá kí ọmọ rẹ̀.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ ò ní òótọ́ nínú. Ibí ni wọ́n bí ọ sí lóòótọ́. Omi ibí lo mu dàgbà, ẹrẹ̀ ọ̀nà ibí lo fi bàtà ilé ìwé gún. Bí ìwé náà bá bèèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí tàbí ibi tí ò ń gbé, mà á sáìnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó bèèrè nìyẹn. Ìlú bàbá rẹ ló bèèrè, àti agboolé rẹ̀. Bóyá òfin náà dára, bóyá kò dára, a kò lè fi irọ́ tún un ṣe.

Ìkejì, ọ̀rọ̀ dókítà onílé ìwòsàn tí o sọ fún ìyá rẹ lóṣù tó kọjá, èyí tó wà ní Ìkọ̀tún tó ní òun lè san owó ilé ìwé rẹ kí o wá ṣiṣẹ́ fún òun lẹ́yìn rẹ̀. N kò ní ohun búburú láti sọ nípa rẹ̀. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ wà, ó sì ti gbé àwọn kan dé èbúté. Ṣùgbọ́n ọmọ oníbàárà ìyá rẹ kan ti ọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìkà á. Ọdún márùn-ún ló bá nínú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí ìlú míì, kò lè tẹ̀ lé e. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, bèèrè wọ̀nyí kí o tó mú bírò: ọdún mélòó ni? Èló ni owó oṣù láàárín ọdún náà? Ọ̀dọ̀ ta ni ìwé ẹ̀rí mi yóò wà? Bí mo bá ṣàìsàn ńkọ́, bí mo bá lọ́kọ ńkọ́? Bó bá bínú nítorí ìbéèrè, a jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Mú ìwé náà wálé kí a jọ kà á.

Ìkẹta ni ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ènìyàn ń sọ ọ́ lẹ́nu, n kò sì mọ̀ bóyá ilé ìwé yín wà lára àwọn tó lè jẹ nínú rẹ̀. Lọ bèèrè ní ọ́fíìsì, má bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ hósítẹ́ẹ̀lì. Bí ilé ìwé yín bá wà níbẹ̀, rántí pé ẹ̀yáwó ni, wọn yóò gbà á padà nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́. Fúnra rẹ ni kí o kún un lórí fóònù rẹ. Nọ́ńbà báǹkì rẹ, má sọ ọ́ létí ẹni tó ní òun fẹ́ bá ọ tètè ṣe é. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé oníkọ̀ǹpútà kan nítòsí ibùdókọ̀ wa ti fi bẹ́ẹ̀ gba gbogbo owó tí ìyá kan kó jọ fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni mo dé? Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn mọ nọ́ńbà kà. Ìpínlẹ̀ tiwa náà a máa ṣe bọ́sárì. Kì í yá, ọdún míì kì í tilẹ̀ jáde, nítorí náà má ṣe bí ẹni pé ó ti wà lápò. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé lóṣù tó ń bọ̀, mà á gbéra lọ sí Èkìtì, mà á gba lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ wa wá fún ọ. Orúnkún mi yóò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kó máa sọ ọ́.

Tún lọ bá akápò ilé ìwé yín kí ó tó ránṣẹ́ pè ọ́. Àwọn ọmọ tó ń lálá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn dákẹ́, wọn ò wá sí kíláàsì mọ́. Sọ fún wọn pé o kò lè san án lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí o san án díẹ̀díẹ̀. Bí ebi bá sì ń pa ọ́ níbẹ̀, má fi ṣe agídí. Gàárì ọjọ́ mẹ́ta kò lè gbé ènìyàn dúró ní wọ́ọ̀dù láti àárọ̀ dalẹ́. Sọ ọ́ fún ìyá rẹ, o mọ̀ pé kò ní pariwo lé ọ lórí bí èmi.

Ti Rẹ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? N kò mọ ọmọ náà, n kò sì fẹ́ bú u. O ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nílé ìwé tirẹ̀, pé ó láàánú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè wá bàbá fún ọ láàárín ọjọ́ kan, ó lè wá ohun mìíràn fún ọ láàárín ọjọ́ kan. Mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tí ò ń kọ́. Ní ìgbà kan tí mo lọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ti kọ nọ́ńbà sórí káàdì mi kí ó tó so nǹkan mọ́ mi lápá. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ rí i pé èrò pọ̀." N kò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa rẹ lọ́jọ́ náà, mo ní, Olúwa, má jẹ́ kí ọmọ mi rí báyìí. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń kọ irọ́ sórí fọ́ọ̀mù ìjọba, kò ní ṣòro fún un láti kọ ọ́ sórí káàdì aláìsàn. Aláìsàn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń sọ ní ọkàn rẹ pé, "Dádì ti kọ̀ fún mi, owó wo ló wá fi rọ́pò rẹ̀?" Ó yẹ kí o bèèrè. Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo lọ lánàá.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó máa ń pàdé ní Ìdímù, nínú kíláàsì kan tí wọ́n ń háyà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí n kò ti dé ibẹ̀. Dáúdà awakọ̀ ti mú ìtàn mi délé láti ìgbà yẹn, ìtàn náà sì ti bá wọn dé Èkó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo lọ, wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀, mo jáde, n kò padà síbẹ̀ mọ́. Lánàá, lẹ́yìn tí o ti lọ, mo wọ aṣọ, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ tó ń ká sùtánà rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní mò ń na ẹsẹ̀.

Bí mo ṣe yọjú, alága wọn ti rí mi. Ó nà ró, ó ní, "Háà! Tíṣà! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ọ̀dọ̀ wa lẹ wá lóòótọ́, àbí ẹ ṣi ilẹ̀kùn?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ní kí n yí padà, ẹsẹ̀ mi sì ti fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Mo rántí bàbá Dópèmú. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ yín ni mo wá. Ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣi ilẹ̀kùn. Mo wá bẹ̀bẹ̀, nítorí ọmọ mi."

Ẹ̀rín tán. Ìyá àgbàlagbà kan tó mọ bàbá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fún ọmọ Ògúnlàdé ní àga." Mo jókòó, mo sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn.

Wọ́n ní àwọn ní owó ìrànwọ́ tí àwọn ń fún àwọn ọmọ ìlú tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera àti iṣẹ́ olùkọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àwọn tó ń bójú tó o yóò jókòó. Wọn kò bèèrè ìwé kóòtù. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí, kó dúró níwájú wọn, kó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti agboolé rẹ̀. N kò ní tàn ọ́ jẹ: kò tó bọ́sárì tí Rẹ̀mí ń sọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà, ìdajì owó sáà ọdún yìí ni yóò ká. Èmi àti ìyá rẹ yóò máa wá ìyókù, a lè wá a tán, a lè má wá a tán. Ẹ̀rù èyí náà ń bà mí.

Kọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀, kí o kọ́ ọ sórí. Ògúnlàdé ni bàbá mi, àgbẹ̀ oníkòkó ni, agboolé Ọ̀dọ̀fin ló ti wá. Àkànjí ni oríkì mi. Àbẹ̀kẹ́ tí a ń pè ọ́, oríkì ìyá bàbá mi ni. Ó ń ta aṣọ òkè, wọ́n sì ní ẹnu rẹ̀ mú bíi tìrẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ju èyí lọ, sọ pé bàbá rẹ kò tíì kọ́ ọ. Kì í ṣe irọ́.

Ó ń ṣe mí bíi kí n wá sí ilé ìwé yín lọ́la, kí n dúró sí géètì títí n óò fi rí ọ. Mo ti kó owó ọkọ̀ sápò, mo tún kó o jáde. Bí mo bá wá, o lè torí ìbẹ̀rù mi ṣe ohun tí mo fẹ́, kì í sì í ṣe ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ọmọ ogún ọdún ni ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni tiwọn, ọjọ́ Àìkú ni tiwa. Bó bá sì jẹ́ pé kí lẹ́tà yìí tó dé, o ti fi ìwé náà sílẹ̀, tí ẹlòmíràn ti sáìnì ín, má sá fún mi. Pè mí, wákàtí yòówù kó jẹ́. A ó jọ lọ gbà á jáde kí wọ́n tó lù ú lóǹtẹ̀, èmi ni mà á sì ṣe gbogbo àlàyé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ìdímù. Mà á ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́ta. Mà á ní kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ tí o kò dé, mà á bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe ẹlòmíràn ṣáájú. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kejì tí o kò dé, mà á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mà á máa lọ sílé, n kò sì ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n wá, Àbẹ̀kẹ́. Mo bẹ̀ ọ́ ni, wá.

Èmi ni bàbá rẹ. Kò sí òmíràn.

Àkànjí Ògúnlàdé